Bí a ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ àti ìrònú wò lára ẹni tí ọpọlọ ìpàkọ́ rẹ̀ fara pa

Ẹni tí ọpọlọ ìpàkọ́ rẹ̀ fara pa sábà máa ń kúrò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó bá ti lè rìn láìdi ògiri mú. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn ará ilé yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí àwọn nǹkan mìíràn. Ọ̀rọ̀ kì í tètè wá sí i lẹ́nu mọ́. Bí ènìyàn mẹ́ta bá ń tàkùrọ̀sọ, kò lè bá wọn lọ. Iṣẹ́ tó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe tẹ́lẹ̀ á gba wákàtí kan, torí kò mọ èyí tó kàn. Wọ́n á ní ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó lè rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà wà tí a fi ń mọ̀, kò sì yẹ kó gbà ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹbí tó ń ṣe ìtọ́jú nílé la kọ èyí fún.

Sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù ni orúkọ tí àwọn dókítà ń pe ọpọlọ ìpàkọ́. Abẹ́ ọpọlọ ńlá ló wà, lẹ́yìn ọ̀pá ọpọlọ tó lọ bá ògóóró ẹ̀yìn. Ó kéré, nǹkan bíi gíráàmù 150, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ọpọlọ. Síbẹ̀, nígbà tí Suzana Herculano-Houzel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bràsíl ka níúrọ́ọ̀nù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn, nínú ọpọlọ ènìyàn tí wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2009, nínú bílíọ̀nù 86 tí wọ́n rí, bíi bílíọ̀nù 69 ló wà nínú nǹkan kékeré yìí.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn pé ìrìn àti ìdúró nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1986, Henrietta Leiner, Alan Leiner àti Robert Dow kọ ọ́ pé ó gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú ìrònú. Ní 1988, ẹgbẹ́ olùwádìí Steven Petersen ní St. Louis, Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ PET, tó ń fi ibi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ hàn, wo ọpọlọ àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ọ̀rọ̀-orúkọ kan mu. Wọ́n yọ iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe nígbà tí ẹnu kàn ń pe ọ̀rọ̀ jáde kúrò nínú èsì náà, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù ṣì ń tàn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni Jeremy Schmahmann àti Janet Sherman kọ nípa aláìsàn 20 ní Boston tí ìpalára wọn kò kọjá ọpọlọ ìpàkọ́. Ìṣòro wọn pín sí ọ̀nà mẹ́rin: ètò ṣíṣe, mímọ bí nǹkan ṣe tò sí àyè rẹ̀, èdè, àti ìwà.

Iṣẹ́ tí sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù ń ṣe kò yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn nínú rẹ̀. Ó ń ro ohun tó ń bọ̀ kó tó dé. Ọpọlọ ńlá á fi ẹ̀dà àṣẹ tó fún ẹnu tàbí ọwọ́ ránṣẹ́ sí i. Òun á ṣírò ohun tó yẹ kí àṣẹ náà bí, á sì fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí méjèèjì kò bá bára mu, àmì àṣìṣe á gba okùn iṣan kan tó lọ́ mọ́ sẹ́ẹ̀lì Purkinje, irú sẹ́ẹ̀lì ńlá kan nínú sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù, á sì yí agbára ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsopọ̀ tó wà lórí sẹ́ẹ̀lì náà padà, kí ti ẹ̀ẹ̀kejì lè ṣe déédéé. David Marr ní 1969 àti James Albus ní 1971 ló kọ ìlànà yìí sílẹ̀, Masao Ito sì fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn láti Japan. Onígángan tó ń tẹ̀lé akéwì kì í dúró kí gbólóhùn parí kó tó lù ú. Ó ti mọ ibi tí ohùn ń lọ. Bí ìmọ̀ yẹn bá bàjẹ́, ó ṣì lè lu ìlù, àmọ́ á máa pẹ́ dé. Ohun tí ẹ ó máa wá nínú gbogbo ìdánwò ìsàlẹ̀ yìí nìyẹn: ìpẹ́, àìdọ́gba àsìkò, àti àìlè fi ìdánrawò yára sí i. Ẹ má ṣe wá ọ̀rọ̀ tó ti pòórá pátápátá. Ìyẹn jẹ́ ti ọpọlọ ńlá.

Ohun tí kò gbọdọ̀ dúró de ìdánwò

Bí òòyì bá kọ́ ènìyàn lójijì, tó ń bì, tí ìpàkọ́ ń fọ́ ọ, tí kò sì lè dá jókòó tàbí dá dúró, ẹ má yẹ ọ̀rọ̀ kankan wò. Ilé ìwòsàn ló kàn. Apá àti ẹsẹ̀ lè lágbára dáadáa, ẹnu sì lè má yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń pe àrùn rọpárọsẹ̀ ti ọpọlọ ìpàkọ́ ní ibà tàbí oúnjẹ tí kò bá ara mu. Àwòrán CT, èyí tí wọ́n fi ìtànṣán X-ray yà, sábà máa ń fò ó lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí egungun tó yí ibẹ̀ ká nípọn, ó sì ń da àwòrán rú. MRI, àwòrán tí wọ́n fi òòfà yà, ló dára jù. CT tí kò fi nǹkan kan hàn kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan.

Ohun tí CT mọ̀ ọ́n rí dáadáa ni ẹ̀jẹ̀ tó ya sínú ọpọlọ. Nítorí náà, ẹ má fún un ní aspirin kí a tó mọ̀ bóyá òpó ẹ̀jẹ̀ dí ni tàbí ó bẹ́. Ẹ má fún un ní omi, oúnjẹ tàbí àgbo kí wọ́n tó yẹ bó ṣe ń gbé nǹkan mì wò, torí ohun tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró lè yọrí sí ikú. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣọ́ ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Àkókò yìí ni ìwú máa ń le jù, àyè tí sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù wà sì há. Bó bá wú, á dí ọ̀nà omi ọpọlọ, á sì tẹ ọ̀pá ọpọlọ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń dáhùn dáadáa láàárọ̀ tó wá ń sùn lọ lọ́sàn-án kì í ṣe ẹni tó ń sinmi. Ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ló lè gbà á là.

Ìmúrasílẹ̀

Ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán lẹ́yìn ìpalára, kí aláìsàn jí dáadáa, kó ti jẹun. Ẹ wá yàrá tí jẹnẹrétọ̀ kò ti ń dún, àga tó ní ibi tí a ń gbé apá lé, fóònù tó lè ká ohùn sílẹ̀ tó sì ní aago ìdíwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, bébà, bíírò, páálí kéékèèké 12, ife omi kan, ìwé kan, búrẹ́dì kan, ọ̀bẹ kan. Bó bá ń lo awò tàbí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ó gbọ́dọ̀ wà lójú àti létí rẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń lo ìdánwò òkè òkun kì í náání: ẹ wá ẹnì kejì tí ara rẹ̀ dá, tí ọjọ́ orí rẹ̀ àti ìwé tó kà sún mọ́ ti aláìsàn, kí ẹ ṣe gbogbo ìdánwò náà fún un. Àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó dàgbà pọ̀ mọ́ ọn dára. Ìdánwò tí ẹgbẹ́ Schmahmann ní Boston ṣe ní 2018 ní apá mẹ́wàá, ó sì sọ iye tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà, àmọ́ orí àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wọn iye náà. Kódà ní Jámánì, nígbà tí wọ́n tú u sí èdè wọn, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ní àìsàn kankan ń kùnà, pàápàá àwọn tó ti dàgbà tàbí tí kò kàwé púpọ̀. Bí ẹ bá gbé iye Boston lé ìyá oníṣòwò ẹni àádọ́rin ọdún kan lórí ní Ìkirè, ẹ ó sọ ọ́ di aláìsàn láìnídìí.

Apá àti ẹsẹ̀

Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ní kó fi ìka ìfábẹ̀là kan imú rẹ̀, kó tún fi kan ìka yín tó wà ní ìwọ̀n apá kan síwájú rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n sí i bó ṣe ń sún mọ́ ibi tó ń lọ, tàbí tó ń kọjá rẹ̀, ni àmì. Ní kó máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́ lu itan léraléra, kíákíá. Lẹ́yìn náà kó rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, gìgísẹ̀ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti gbá a mú.

Ìdúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ méjì papọ̀ ló ṣe pàtàkì jù níbí. Ẹ wò ó nígbà tí ojú rẹ̀ là, lẹ́yìn náà nígbà tó bá dì í. Ẹni tí sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ bàjẹ́ ti ń mì kó tó di ojú. Ẹni tó dúró dáadáa nígbà tí ojú là, àmọ́ tó fẹ́ ṣubú bó ṣe di ojú, okùn iṣan ẹsẹ̀ tàbí ògóóró ẹ̀yìn ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí. Irú èyí ni ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun kọ nípa rẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960, tó sì so mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa. Bẹ́ẹ̀ bá rí i bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ìtọ́jú mìíràn nìyẹn.

Ohùn

Ẹ ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Kó fa èémí sínú, kó wá pe "àà" títí tí èémí á fi tán. Àgbà tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń lé ní ìṣẹ́jú àáyá 15. Bó ṣe gùn tó kọ́ lẹ kọ́kọ́ máa wò, bí kò ṣe bóyá ohùn ń lọ sókè sódò bí ẹni ń rìn lójú ọ̀nà gbágungbàgun.

Lẹ́yìn náà ni sílébù léraléra. Ìdánwò tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń lò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *p* tiwọn, èyí tí kò sí lẹ́nu wa. *P* Yorùbá ń lo ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń fa ènìyàn sẹ́yìn. Ẹ fi *b* dípò rẹ̀: "ba-ba-ba" fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, "ta-ta-ta", "ka-ka-ka", kẹ́ ẹ wá pa wọ́n pọ̀, "ba-ta-ka". Àgbà tó dá pé máa ń pe sílébù márùn-ún sí méje ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́nu ẹni tí sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ bàjẹ́, ó máa ń falẹ̀, àlàfo àárín wọn kò sì dọ́gba, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, òmíràn bú jáde. Bó bá ń falẹ̀ àmọ́ tó dọ́gba, ẹ wo iṣan ẹnu. Bó bá ń yára, tó ń rọ̀ lọ wúyẹ́wúyẹ́, àrùn Parkinson ni kẹ́ ẹ rò.

Gordon Holmes rí irú ọ̀rọ̀ gígé-gígé yìí lára àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó tí ìbọn bà ní ìpàkọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní: sílébù kọ̀ọ̀kan dá dúró, gbogbo wọn gba agbára kan náà. Fún elédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹwà ọ̀rọ̀ ló bàjẹ́. Fún wa, ìtumọ̀ wà nínú ewu, torí gíga àti ìrẹ̀lẹ̀ ohùn ni ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, iṣan ọ̀nà ọ̀fun tí sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù ń bá wa díwọ̀n ló sì ń gbé e jáde. Nítorí náà la fi nílò páálí 12. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: igba, igbá, igbà, ìgbà, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀, owó, òwò, ọwọ́, ọ̀wọ̀. Fún ẹni tí kò kàwé, ẹ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un kó fúnra rẹ̀ pè é. Ẹ dà wọ́n pọ̀. Aláìsàn á máa kà, ẹni tí kò rí páálí á máa kọ ohun tó gbọ́. Ẹni méjì ló yẹ kó gbọ́ ọ, kí ọ̀kan nínú wọn má jẹ́ ará ilé, torí etí ará ilé ti mọ́ ọn lára, á sì máa bá a tún ọ̀rọ̀ ṣe láìmọ̀. Bí àjèjì bá ṣi mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 12, tí ẹnì kejì tára rẹ̀ dá kò sì fa irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ kò dúró. Ìwọ̀n tiwa ni mẹ́ta náà, kò sí ìwé tó pa á láṣẹ.

Wíwá ọ̀rọ̀

Ní kó dárúkọ gbogbo ẹranko tó bá mọ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ti ilé, ti igbó, ti inú omi, ẹyẹ, kòkòrò, gbogbo rẹ̀ ló wọlé. Ẹ má ka àtúnsọ. Ní Boston, ẹni tí kò bá pé 16 ti kùnà. Ẹnì kejì tẹ́ ẹ mú wá ni kẹ́ ẹ fi wé. Ẹ fi ìlà pín bébà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tó sọ mẹ́jọ ní ìdá àkọ́kọ́ tó wá dákẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ìdánwò lẹ́tà, níbi tí ènìyàn ti ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀, nira lédè wa. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ wa ló fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì mú *ì*, kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a kò lè fi ṣe é: ìjẹ, ìmu, ìrìn, ìsùn, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ mú *k* tàbí *b*, ẹ gba ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ má gba orúkọ ènìyàn. Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú kan fún ìyípadà: ẹranko kan, iṣẹ́ ọwọ́ kan, ẹranko, iṣẹ́ ọwọ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń há.

Ìdánwò tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù ni ti ọ̀rọ̀-ìṣe, torí kì í ṣe iye ni ẹ ń wò, bí kò ṣe ẹ̀kọ́. Ẹ ka ọ̀rọ̀-orúkọ kan, kí ó sọ ohun tí a ń ṣe sí i: omi, ìwé, bọ́ọ̀lù, ẹrù, ìlù, aṣọ, ẹja, iṣu, ilẹ̀kùn, ilẹ̀. "Pọn" tàbí "mu" dára fún omi. "Kà" tàbí "kàwé", ẹ gbà á. Ẹ wọn àsìkò gbogbo mẹ́wàá papọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin lápapọ̀, ètò kan náà, kí ó lè dá ìdáhùn tó kọ́kọ́ fún yín padà. Ní ìkarùn-ún, ẹ mú mẹ́wàá tuntun: orin, ijó, ilé, iná, ẹ̀kọ, irun, owó, ọ̀nà, ewé, ọ̀bẹ.

Àsìkò ẹni tó dá pé á máa já wálẹ̀ láti ìkíní dé ìkẹrin, á sì fò sókè ní ìkarùn-ún. Ti ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ bàjẹ́ lè má yí padà rárá, ó sì lè máa fi ọ̀rọ̀-orúkọ dáhùn: ẹ pe "ọ̀bẹ", ó ní "ata". Julie Fiez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní 1992. Ó gbọ́n, ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ dà bíi pé ó dára, àmọ́ kò kọ́ nǹkan kan láti inú àtúnṣe, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣì í. Bí a bá ní kẹ́ ẹ mú ìdánwò kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí, eléyìí ni kẹ́ ẹ mú.

Ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni pé okùn iṣan láàárín ọpọlọ ńlá àti sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù ń kọjá sí òdìkejì. Èdè wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ńlá lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nísàlẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́, pàápàá apá ẹ̀yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Crus I àti Crus II. Apá iwájú ló ń ṣe ti ìrìn. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè máa rìn bí ológun kí ọ̀rọ̀ sì dojú rú mọ́ ọn lórí.

Ohun tó ń bọ̀

Ẹ to ife omi, ìwé, búrẹ́dì àti ọ̀bẹ sórí tábìlì, kí àlàfo tó fẹ̀ wà láàárín wọn. Ẹ jókòó síwájú rẹ̀ kẹ́ ẹ lè rí ẹyinjú rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù ya fídíò ojú rẹ̀. Ẹ sọ gbólóhùn mẹ́jọ pẹ̀lú ìyára kan náà. Nínú mẹ́rin, ọ̀rọ̀-ìṣe ti tú àṣírí: "Mo fẹ́ mu… omi", "Mo fẹ́ ka… ìwé", "Mo fẹ́ jẹ… búrẹ́dì", "Mo fẹ́ pọ́n… ọ̀bẹ". Nínú mẹ́rin yòókù, kò sọ nǹkan kan: "Mo ti rí… omi", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ dà wọ́n pọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún *mu* àti *mú*. Bẹ́ẹ̀ bá gbé ohùn sókè, gbogbo ohun orí tábìlì ló ṣeé mú.

Ojú ẹni tó dá pé á ti wà lára ife kẹ́ ẹ tó pe "omi" tán. Ní 2012, Elise Lesage àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bìrìtìkó fi ẹ̀rọ òòfà dá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù àwọn tí ara wọn dá dúró fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé, àmọ́ lórí irú gbólóhùn tó ṣeé rò tẹ́lẹ̀ nìkan. Lórí èyí tí kò ṣeé rò tẹ́lẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ láàárín irú méjèèjì lẹ ń wá. Bí ojú bá pẹ́ lórí gbogbo rẹ̀, ó lè jẹ́ etí, oorun tàbí ẹyinjú tó ń já síhìn-ín sọ́hùn-ún, èyí tó wọ́pọ̀ nínú àìsàn yìí. Èsì náà kò wúlò nìyẹn.

Àwọn kan máa ń fi òwe ṣe é, kí wọ́n pe ìlàjì kí aláìsàn parí rẹ̀. Kò dára. Òwe jẹ́ ohun tó ti há sórí láti kékeré. Ẹni tí kò lè ro gbólóhùn ọjà tẹ́lẹ̀ mọ́ lè parí òwe ogún láìta ahọ́n.

Ìyókù

Fún nọ́ńbà, ẹ ó máa pe nọ́ńbà tẹ̀léra kí ó sọ wọ́n padà; ẹ lo èdè tó fi ń pe nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Orúkọ nọ́ńbà wa gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, iye tí ènìyàn lè dì mú á sì dínkù, nítorí náà ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́ta, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ máa fi ọ̀kan kún un títí yóò fi kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà kó máa dá wọn padà láti ẹ̀yìn wá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti méjì. Ti ẹ̀yìn ló máa ń bàjẹ́ jù.

Ìdánwò Boston ní kí ènìyàn ya àpótí onígun. Ẹni tí kò lọ sílé ìwé lè má ya àpótí rí láyé rẹ̀. Ẹ to igi ìṣáná mẹ́fà ní àrà kan, kó to irú rẹ̀.

Ti ìwà, ẹ má bi aláìsàn létí ẹbí, ẹ má sì bi ẹbí létí aláìsàn. Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò yẹ? Ṣé kò náání nǹkan mọ́, tí ojú rẹ̀ ò yí padà bí wọ́n bá túfọ̀? Ṣé ó ń ṣe bí ọmọdé, tó ń sọ "ìwọ" sí ẹni tó ń pè ní "ẹ̀yin" tẹ́lẹ̀? Àwọn ará ilé á fẹ́ pè é ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Ó lè jẹ́ apá àárín sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù.

Kíka èsì

Ìlànà Boston ni pé apá kan tó bàjẹ́ nínú mẹ́wàá ń jẹ́ ó ṣeé ṣe, méjì ń jẹ́ ó jọ bẹ́ẹ̀ gan-an, mẹ́ta sókè ń jẹ́ ó dájú. Ẹ̀yin kò lè sọ "ó dájú", torí ohun tẹ́ ẹ lò kì í ṣe ìdánwò yẹn gẹ́lẹ́. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí àti ti ẹnì kejì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ gbé e fún dókítà ọpọlọ.

Kí ẹ tó dá rọpárọsẹ̀ lẹ́bi, ẹ bi í léèrè ohun tó ń mu. Ọtí máa ń jẹ àárín iwájú sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù run, ìrìn sì ni ó ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Phenytoin tí wọ́n ń lò fún wárápá, bó bá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ẹ̀jẹ̀, á mú ọ̀rọ̀ wọ́, á mú ojú já, á mú ẹsẹ̀ ṣe ségesège. Dókítà nìkan ló lè dín in kù, ẹ má dá a dúró lójijì. Ẹ bi í nípa oúnjẹ pẹ̀lú. Ní Iléṣà, Ìkàrẹ́ àti agbègbè wọn, àìsàn kan ti wà láti bíi àwọn ọdún 1950 tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ lákòókò òjò: gbígbọ̀n, ìrìn bí ọ̀mùtí, ọ̀rọ̀ tó wọ́. Bola Adamolekun fi hàn ní 1993 pé ó tẹ̀lé jíjẹ kòkòrò Anaphe, ẹbí kòkòrò kan náà tí a ti ń rí òwú sányán. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba fítámì B1 jẹ́, iná ìdáná kì í sì í tètè pa á. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ kìkì gàrí àti ẹ̀bà ló máa ń mú, torí B1 ara rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀. Ìwádìí 1994 fi hàn pé thiamine, ìyẹn B1 náà, ń wò ó sàn. Ìdí tó rọrùn báyìí kò yẹ ká fò dá.

Nílé

Ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, ogún ní ìrọ̀lẹ́. Ó sàn ju wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lọ, torí àárẹ̀ máa ń sọ ohùn di ségesège. Kó fi ọwọ́ lu itan ní sílébù kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lórí èémí kan, kó tó mí. Bí ohùn bá dúró, ẹ mú lílu itan kúrò; bẹ́ẹ̀ bá fi sílẹ̀ pẹ́, gígé-gígé tẹ́ ẹ fẹ́ wò á di bárakú. Páálí 12 yẹn dára fún ìdánrawò, kí ẹni tó ń gbọ́ kàn sọ "mo gbọ́" tàbí "n ò gbọ́". Ẹ má ṣàlàyé àṣìṣe ní kíkún. Ìwádìí Amanda Therrien, Daniel Wolpert àti Amy Bastian ní 2016 lórí nínawọ́ sí nǹkan fi hàn pé ẹni tí sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù rẹ̀ bàjẹ́ ń di ohun tó kọ́ láti ara "ó dára" àti "kò dára" mú dáadáa ju ohun tó kọ́ láti ara bí àṣìṣe ṣe tóbi tó lọ. Ti ọwọ́ ni wọ́n dán wò, àmọ́ kò sí ohun tí a máa pàdánù bí a bá lò ó fún ẹnu.

Ẹ ràn án lọ́wọ́ láti mọ ohun tó ń bọ̀. Ẹ sọ orí ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ̀rọ̀: "Owó ilé ìwé ọmọ ni mo fẹ́ sọ", kẹ́ ẹ dúró, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́. Ẹnì kan ni kó máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ pa rédíò. Iṣẹ́ tó ní ìgbésẹ̀ púpọ̀, bíi lílo oògùn tàbí sísan owó ní POS, ẹ kọ ìgbésẹ̀ rẹ̀ sára ògiri ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má parí gbólóhùn fún un kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tó kọjá.

Àwọn kan ti ń ta ẹ̀rọ tó ń fi iná bátìrì kọjá lórí, pé ó ń mú ọ̀rọ̀ yára. Àwọn olùwádìí ń dán irú rẹ̀ wò lóòótọ́ lórí ìpàkọ́, lábẹ́ ojú dókítà. Ẹ má ra a, ẹ má sì ṣe é fúnra yín. Ó lè jó awọ orí, ó sì lewu fún ẹni tó ní wárápá.

Ọmọdé tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún nítorí kókó inú sẹrẹbẹ́lọ́ọ̀mù wà lọ́tọ̀. Ó lè sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní, kó wá dákẹ́ pátápátá lọ́jọ́ kejì tàbí ìkẹta, kó máa sunkún láìsọ ìdí. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kì í ṣe agídí, kì í sì í ṣe ohun tí ẹnì kan ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ sábà máa ń padà láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù, àmọ́ ó máa ń wọ́ nígbà tó bá kọ́kọ́ dé. Lákòókò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà, ẹ máa bi í ní ìbéèrè tó ṣeé fi orí tàbí ọwọ́ dáhùn, kẹ́ ẹ sì yẹ gbígbé mì rẹ̀ wò lójoojúmọ́.

Ẹ tún gbogbo ìdánwò ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun, láago kan náà lójúmọ́ àti ní èdè kan náà. Ẹ tọ́jú ohùn tẹ́ ẹ ká ní àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ ṣí méjèèjì fún ẹni tí kò mọ èyí tó ṣáájú, kó sọ èyí tó yé òun jù.